Fọ́ọ̀mù Àmì Ẹ̀yẹ Kì Í Ṣe Oríkì

Ohun kan ti pẹ́ tó ti ń dùn mí nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ni mo máa ń bá kọ̀wé: lẹ́tà sí báńkì, ìwé tí wọ́n fi ń wá owó ìrànwọ́, àti fọ́ọ̀mù ìdíje àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba, ẹgbẹ́ oníṣòwò àti àwọn àjọ aládàáni ń gbé jáde lọ́dọọdún. Nídìí fọ́ọ̀mù ìdíje yìí ni ohun tó ń dùn mí wà. Mo máa ń rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ múná, tí àwọn oníbàárà ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, àmọ́ bí ẹ bá ka ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ò ní mọ̀ bóyá gàrí ló ń tà tàbí bàtà. Ẹlòmíì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì tirẹ̀, tó ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè, á gbé ife-ẹ̀yẹ lọ. Àwọn èèyàn á wá máa sọ pé màgòmágó wà níbẹ̀. Nígbà míì ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, màá sì dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sí màgòmágó kankan. Àwọn adájọ́ kò dé ṣọ́ọ̀bù náà, wọn ò tọ́ gàrí wò. Ìwé ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a sábà máa ń kọ. “Ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ àwòkọ́ṣe láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Òtítọ́, ìfaradà àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run la fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí irú wa ní gbogbo agbègbè yìí.” Ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ni. Bí akígbe bá dúró níwájú èèyàn tó ń kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, orí onítọ̀hún á wú, kò sì sí ẹni tó máa ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé ìran rẹ̀ jagun lóòótọ́. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ la mọ ìran náà, a sì mọ ohun tí oríkì wà fún. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù kò mọ ìran yín. Fọ́ọ̀mù tiyín wà láàárín ọ̀pọ̀ mìíràn lórí tábìlì rẹ̀, ìwé máàkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ka “kò sí irú wa”, á wo ìwé máàkì rẹ̀, kò ní rí ibi tó máa kọ ọ́ sí. Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú yín ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé yín náà á sọ ọ́. Adájọ́ á kọjá lọ.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje tó nítumọ̀ kì í fi ohun tí wọ́n ń wá pa mọ́. Ní 1987, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn péye, wọ́n sì fi sọrí Malcolm Baldrige, mínísítà ètò ìṣòwò wọn tó kú lọ́dún yẹn kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì 1,000 ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn olùdíje. 450 nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti àbájáde nìkan: kí ni iṣẹ́ náà mú jáde, báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe rí báyìí, báwo ni ti àwọn tí ẹ jọ ń du ọjà ṣe rí. Ọ̀rọ̀ aṣáájú, ètò, oníbàárà, òṣìṣẹ́ àti gbogbo ìyókù ló jọ pín 550 tó kù. Ojú ìwé 50 ni wọ́n fi ààlà sí nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kún ìlú pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bí ìwé náà bá yege, àwọn olùyẹ̀wò á gbéra, wọ́n á lọ wo ibẹ̀ fúnra wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni pé ẹni tó pàdánù náà máa ń gba èsì padà, tó ń sọ ibi tó ti dára fún un àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mo rọ àwọn tó ń ṣètò ìdíje nílé wa kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò dára kí èèyàn jókòó ti fọ́ọ̀mù títí di òru, kí ó sì dúró de èsì títí, kó má gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó má gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní Ìlú Ọba náà, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin Elizabeth ní 1965, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ gbà ní 1966, ti di ti Ọba Charles báyìí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ díje. Òṣìṣẹ́ méjì péré ti tó kí ilé-iṣẹ́ lè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á nítorí ọjà tó ń tà sókè òkun gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́fà tẹ̀léra hàn, ẹni tó bá sì gbà á lè lo àmì náà fún ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ṣe oúnjẹ, tó ń rán aṣọ, tó ń po ìpara, tí wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ fún àwọn náà. Ìṣirò tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kò le ju èyí tí ẹni tó ń san owó orí rẹ̀ déédéé ti ní nínú fáìlì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìyá kan tí mo bá kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn ìlú Ìwó ni ẹbu gàrí rẹ̀ wà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn obìnrin kan ń bó gbàgúdá lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn kan wà nídìí agbada tí wọ́n ń yan gàrí, omi ń kán tótó lára àpò tí wọ́n fi jáàkì fún. Ó ti gba ọ̀dọ́kùnrin kan láti bá a kọ fọ́ọ̀mù kí n tó dé. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dán bíi dígí. Ó kọ pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe gàrí tó dára jù lọ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pé wọ́n bìkítà fún òṣìṣẹ́ wọn, pé wọ́n ń lo ìmọ̀ ìgbàlódé. Mo ka á tán, n kò rí ìyá náà nínú rẹ̀. N kò rí gàrí pàápàá.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe níbí tí ẹbu mìíràn kò ṣe?”

Ó ní, “Ọmọ mi, gàrí wa dára. Gbogbo ayé ló mọ̀.”

“Ta ni gbogbo ayé, Màmá?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn tó ń wá ra á láti Ìbàdàn ni. Àwọn ará Èkó náà ń wá.”

“Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó? Àpò mélòó ni wọ́n ń kó lọ́sẹ̀?”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Mo dákẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń bú mi. Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo bi í léèrè nípa ààrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí mo rí i pé páìpù kan gun òrùlé jáde láti ibẹ̀, èéfín sì ń gba inú rẹ̀ lọ sókè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, orí ààrò mẹ́ta lásán ni wọ́n ń gbé agbada kà, èéfín a máa bò wọ́n lójú. Obìnrin tó bá yan gàrí fún wákàtí kan á dìde síta, á lọ húkọ́, ẹlòmíì á gba ipò rẹ̀. Ojú wọn a máa pọ́n títí di alẹ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àyà tó ń dùn ún. Èyí ló mú kí ìyá náà pe bíríkìlà, kí ó sì ní kí ó fi amọ̀ mọ ààrò tó ní ẹnu níwájú, tí èéfín rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn jáde. Ààrò àkọ́kọ́ là. Wọ́n wó o, wọ́n fi bíríkì kún amọ̀, wọ́n tún un mọ. Èkejì ló dúró. Ó ní láti ìgbà náà, igi ìdáná tí òun ń rà ti dín kù, obìnrin tó bá jókòó nídìí agbada láàárọ̀ lè wà níbẹ̀ dọ̀sán, èyí tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ náà sì ti padà wá. Ó nàka sí i. Onítọ̀hún ń yan gàrí lọ́wọ́, ó kí mi.

Mo ní, “Màmá, ẹ kò fi èyí sínú fọ́ọ̀mù.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ṣé ìyẹn náà wà lára ẹ̀?”

Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀! Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyí lọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe tó yanrantí jù, wọn kì í kà á sí nǹkan tí wọ́n lè sọ lójú agbo. Wàhálà kan ló bá wọn, wọ́n bọ́ nínú rẹ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Lójú wọn, àmì ẹ̀yẹ jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ńláńlá, nítorí náà wọ́n á kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ.

Ó wá ku ìṣirò. Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ ìyá náà, ìwé àwọn ọmọléèwé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, epo pupa ti ta sí i. Àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè nìkan ló ń kọ sínú rẹ̀: orúkọ, iye àpò, ọjọ́ tí wọ́n gbé e. Bí ẹnì kan bá ti san tirẹ̀, ìyá náà á fi ìlà pa á rẹ́. Kò sí ibòmíràn tó ti ń kọ ohun tó tà lówó. Láti inú ìwé gbèsè yẹn la ti bẹ̀rẹ̀. A ka àpò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ńlá gbé ní àwìn ní ọdún méjì, a fi wé alẹ́ẹ̀tì báńkì tó wà lórí fóònù ọmọ rẹ̀, a ké sí ẹni tó ń ta igi fún un, òun náà sì ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a fi máa ṣe tán, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ti yí padà. Ó di pé: obìnrin mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ ní ẹbu yìí, kí a tó mọ ààrò tuntun, ẹrù igi mẹ́ta là ń rà lóṣù, ó ti di méjì báyìí, gàrí tí à ń yan kò sì dín, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa tó kúrò nítorí èéfín ti padà, ẹbu méjì ládùúgbò ti wá wo ààrò náà, wọ́n sì ti mọ irú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á ni yóò yìn ín fúnra rẹ̀.

Ohun kan tí mo rí níbẹ̀, tí mo sì ń rí káàkiri, ni ti èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gba ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù yìí. Ìyá tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé ààrò fún mi mọ ohun tó ń sọ délẹ̀délẹ̀: ó sọ ibi tó là, ó sọ ìdí tó fi là, ó mọ iye igi, ó mọ orúkọ ẹni tó húkọ́. Gbàrà tí a bá ti gbé ìwé jáde pé ó di ti Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èyí á fò lọ, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá báńkì lórí tẹlifíṣọ̀n la ó máa wá. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá bí ẹ ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn tó sọ nǹkan gidi sàn ju èyí tó dún gbì-ì tó ṣófo.

Ti “a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọgbọ́n àwọn àgbà ni, ó sì ní ìdí. Oníṣòwò tó bá pariwo iye tó ń rí, mọ̀lẹ́bí á kó owó iléèwé ọmọ wọn wá bá a, agbowó-orí á máa lọ á máa bọ̀, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i náà á ti gbọ́. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn wa kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe ti náírà nìkan. Ẹ lè sọ pé títà yín fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i láàárín ọdún kan, kí ẹ má sì sọ iye tó jẹ́. Ẹ lè ka òṣìṣẹ́, ẹ lè ka oníbàárà tó padà wá, ẹ lè ka ọjọ́ tí aṣọ fi ń wà lọ́dọ̀ yín kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ lè ka ọjà tó bàjẹ́ tí ẹ dà nù. Bí wọ́n bá sì ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ ọ́: ta ló máa rí i, ṣé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde? Ìdíje tó bá mọyì ara rẹ̀ á dáhùn yín lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n á já máàkì àwọn. Mo gbà pé òdìkejì rẹ̀ ló rí. Nígbà tí a fi kún un pé ààrò àkọ́kọ́ là, tí a sì sọ pé amọ̀ lásán ni bíríkìlà fi mọ ọ́n, pé ìgbà tí wọ́n fi bíríkì sí inú ló tó dúró, gbogbo fọ́ọ̀mù náà ló lágbára sí i. Ẹni tó ń kà á á mọ̀ pé ẹni tó ṣe nǹkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í ní ohun tó là lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìmọ̀ràn yòókù kò le, màá sáré sọ wọ́n. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín ni kí ẹ dáhùn. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá, ìtàn bí bàbá yín ṣe dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lè dúró. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ 300, ẹ má kọ 400. Ẹ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín kà, kí ó sọ ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ fún yín láìwo ìwé. Ohun tí kò bá rántí, adájọ́ náà kò ní rántí rẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì, torí iná á lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ó wá ku ohun kan tí mo ti ronú sí gan-an, torí ó kan iṣẹ́ tèmi gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2011, ìjọba Goodluck Jonathan bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní YouWiN! fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ tàbí tó fẹ́ mú èyí tó wà lọ́wọ́ wọn gbòòrò. Àwọn tó sún mọ́ 24,000 ló kọ̀wé wọlé lákọ̀ọ́kọ́, 1,200 ló sì rí owó gbà, tó lè tó mílíọ̀nù 10 náírà fún ẹnì kan. David McKenzie, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé, tẹ̀ lé àwọn olùdíje yìí fún ọdún mélòó kan. Ó rí i pé owó náà ṣiṣẹ́: òwò àwọn tó gbà á wà láàyè ju ti àwọn tí wọ́n jọ dé ìpele kan náà tí kò rí i gbà lọ, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ sí i. Àmọ́ nígbà tí òun àti Dario Sansone wo máàkì tí àwọn adájọ́ fún ìwé ètò òwò kálukú, wọn kò rí i kí máàkì náà bá ohun tí òwò ọ̀hún dà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mu. Ẹni tí ìwé rẹ̀ dùn jù kọ́ ni òwò rẹ̀ lọ jìnnà jù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó bà mí nínú jẹ́. Ṣé asán wá ni gbogbo kíkọ̀wé dáadáa tí à ń ṣe? Mo rò ó títí, n kò gbà pé asán ni. Ètò òwò ń sọ ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe lọ́la, kò sì sí ọmọ èèyàn tó mọ ọ̀la, adájọ́ kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù àmì ẹ̀yẹ ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ka fọ́ọ̀mù èèyàn, mo máa ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ní “a ó” tàbí “a máa”, màá sì bi wọ́n pé: èwo nínú ìwọ̀nyí lẹ ti ṣe? Èyí tí wọn kò bá tíì ṣe, a máa yọ ọ́. Àyè tó bá ṣí sílẹ̀ la fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa.

Àmì ẹ̀yẹ kò sì lè gba òwò là. Ní 1990, ilé-iṣẹ́ Wallace tó wà ní Houston, tó ń ta páìpù àti fáàfù fún àwọn ilé-iṣẹ́ epo, gba àmì ẹ̀yẹ Baldrige tí mo sọ lókè yẹn. Nígbà tó fi máa di 1992, gbèsè ti gbé e dé kóòtù. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù tì nítorí fọ́ọ̀mù. Oníbàárà tó dúró níwájú yín ṣáájú adájọ́.

Mo ní màá dé orí màgòmágó. Ẹ̀yin náà ti lè gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á ní ẹ kú oríire, wọ́n ti yan ilé-iṣẹ́ yín láàárín àwọn tó gbajúmọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, tàbí ní gbogbo Áfíríkà, ayẹyẹ náà máa wáyé ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, kí ẹ kàn san owó tábìlì, owó ife-ẹ̀yẹ àti owó fọ́tò. Ẹ kò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Kò sẹ́ni tó wá wo iṣẹ́ yín. Ọjà ni wọ́n ń tà fún yín. Mo mọ oníṣòwò tó yá owó lọ ra irú rẹ̀, tó gbé e sórí kọ́ńtà, tí oníbàárà kan kò sì fìgbà kan torí rẹ̀ ra nǹkan. Ìdíje tó mọ́ lè gba owó díẹ̀ fún fọ́ọ̀mù, ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni kí ó jẹ́ ẹni tó yege ló ń sanwó. Ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni àwọn adájọ́, kí ni wọ́n fi ń díwọ̀n, ta ló gbà á lọ́dún tó kọjá, kí sì ni onítọ̀hún ṣe? Bí wọn kò bá ní èsì, ẹ pa fóònù. Ó ń dùn mí torí pé àwọn ife-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ ti mú kí àwọn èèyàn máa fojú kan náà wo èyí tí ìyá oníṣẹ́ ọwọ́ kan làágùn kó tó gbà.

Àwọn tó ń wá bá mi pé kí n kọ fọ́ọ̀mù fún àwọn láìbá wọn sọ̀rọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Wọ́n á fi orúkọ ilé-iṣẹ́ àti fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi ṣe é, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Ní báyìí tí ẹ̀rọ pàápàá ti ń kọ̀wé, ẹlòmíì kì í tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Irú ẹ̀bẹ̀ WhatsApp yẹn, n kì í gbà á. Kì í ṣe pé ó ṣòro láti kọ. Ohun tí mo máa kọ náà á bá ẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ mìíràn mu, ẹni tó ni iṣẹ́ kò sì ní mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá onígàrí yẹn kò gba ipò kìíní. Ẹlòmíì ló gbà á lọ́dún náà, mo ka iṣẹ́ onítọ̀hún, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ìyá náà kò padà sórí ìwé gbèsè nìkan. Ó ra ìwé mìíràn. Ó ń kọ iye gbàgúdá tó wọlé àti iye gàrí tó jáde. Bí gbàgúdá bá dára, tọ́ọ̀nù kan máa ń mú gàrí tó tó 200 sí 250 kìlógíráàmù wá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó pè mí, ó ní ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà fún òun kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá, pé omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun sì ti ń ra á ní iye kan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù láti ọdún pípẹ́. Ó ti pe ọkùnrin náà, wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀, ó ti dín owó rẹ̀ kù. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù dùn ju ti ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ ní ẹbu, tẹ́ ẹ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ ra ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ déètì sókè ojú ìwé. Ẹ kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, ẹni tẹ́ ẹ gbà síṣẹ́, ẹni tó lọ àti ìdí tó fi lọ, ohun tó bàjẹ́ àti bí ẹ ṣe tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí fọ́ọ̀mù bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbé ìwé náà dání wá, a ó jọ jókòó tì í.